Ṣé wọ́n lè tì mí mọ́lé nítorí owó áàpù?

Ìbéèrè: Lọ́yà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja yíyan ni mò ń tà ní Ṣábó, Ìkòròdú níbí. Mo yá ₦60,000 lórí áàpù kan, ọjà wá dẹnu kọlẹ̀, n kò rí i san lásìkò. Ní ìdájí ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí àna mi, ìyá ọkọ ọmọ mi, wọ́n kọ "OLÈ" gàdàgbà sí i. Wọ́n ní àwọn ń mú ọlọ́pàá bọ̀ ní ìsọ̀ mi. Ṣé wọ́n lè tì mí mọ́lé? Ṣé àna mi ló máa san án ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín débi tí ẹ ó fi sá lọ́jà.

Wọn kò lè tì yín mọ́lé nítorí owó tí ẹ yá. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn torí pé àdéhùn kò ṣẹ nìkan. Bí ọlọ́pàá bá pè yín, ẹ lọ, ẹ mú lọ́yà tàbí ọmọ yín dání. Ẹ sọ pé owó yíyá ni, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan tí wọ́n bá kọ fún yín níbẹ̀. Ti ṣẹ́ẹ̀kì ló yàtọ̀: ẹni tó bá fún èèyàn ní ṣẹ́ẹ̀kì tí kò sówó lẹ́yìn rẹ̀ lè dé ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀yin kò kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún ẹnikẹ́ni.

Àna yín kò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. Kò ṣe onídùúró yín, kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Inú fóònù yín ni wọ́n ti kó nọ́ńbà rẹ̀. Láyé àtijọ́, olówó á rán ológò lọ dógò ti onígbèsè. Á jókòó sí agboolé, á máa bú tọmọdé tàgbà, á máa pa adìyẹ wọn jẹ, títí owó á fi jáde. Dógò yẹn náà ni wọ́n gbé wọ inú fóònù. Òfin FCCPA ti 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà, kò fàyè gba ìfòòró àti ìhàlẹ̀ nídìí gbígba owó, òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 sì wà fún nọ́ńbà tí wọ́n kó. Lọ́dún 2025, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń mú òfin oníbàárà yẹn ṣẹ, ṣe ìlànà fún àwọn ayánilówó orí fóònù: èyí tó bá rú u lè san ìtanràn tó 100 mílíọ̀nù náírà.

Lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, ohun kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́. Télọ̀ kan láti Òdógunyàn wá bá mi lésìí, ìtìjú ti mú kó pa gbogbo tiẹ̀ rẹ́. Àwa méjèèjì jókòó, à ń pe àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni kẹfà ló ṣì ní i lọ́wọ́: fọ́tò rẹ̀ tòun ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, "WANTED" pupa níwájú orí. Ó dùn mí gan-an. Ẹ ní kí àna yín ya ojú fóònù rẹ̀, kí nọ́ńbà, ọjọ́ àti aago hàn. Ẹ fi ránṣẹ́ sí FCCPC àti NDPC, àjọ tó ń rí sí ààbò ìsọfúnni.

Gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn yín o, ìyá wa. Ẹ béèrè iye tó kù àti èlé orí rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé ẹ ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Àkáǹtì iléeṣẹ́ ni kí ẹ sanwó sí, ẹ má san án sí ti agbowó kankan.

Wọ́n lè gbé yín lọ sí Small Claims Court Èkó, tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Ọjọ́ 7 péré lẹ ní láti fèsì. Bí wọ́n bá já ìwé ìpẹ̀jọ́ fún yín ní ìsọ̀, ẹ fi ẹja lé aládùúgbò lọ́wọ́, kí ẹ gbé e wá bá mi lọ́jọ́ náà gan-an.