Ẹ má tìtorí wárápá ti ọmọ yẹn mọ́lé

Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn, pé ọmọ yín obìnrin ẹni ọdún 13 ní wárápá, oògùn Epilim ló ń lò, bàbá ẹ̀ sì ní kó má lọ sí kóyà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kó má bá ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣeré, kó ṣáà jókòó sílé, àfi bí ìgbà tẹ́ ẹ wọ ilé mi láyé ìgbà yẹn. Tèmi ọkùnrin ni, ó ti pé 17, ọmọ ọdún 8 ni nígbà tó kọ́kọ́ gbé e.

Ojú mi rí màbo. Ìyá ọkọ mi ní gìrì ni, wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe àgbo rọ ọ́ lọ́fun, ọmọ sùn lọ, a jí i jí i kò jí, ìyẹn la gbé dé UCH n'Ìbàdàn. Ẹnu dókítà ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé inú ọpọlọ ló ti ń wá, kì í ràn, itọ́ ẹnu ẹ̀ ò lè kó o ran ẹnì kankan, àti pé tí èèyàn bá ń lo oògùn tó bá a mu déédéé, bíi 7 nínú 10 ni kò ní gbé mọ́. Carbamazepine ni wọ́n fún wa.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ẹ̀bi tèmi. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ ọdún 13 ṣì ń bá mi sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, tó bá wọ bálùwẹ̀ màá máa pè é lẹ́nu ọ̀nà, “ṣé o wà ńbẹ̀? ṣé o wà ńbẹ̀?” Lọ́jọ́ kan mo gbé fóòmù kí n gbálẹ̀, mo bá rí oògùn 11 lábẹ́ ẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ mi ti lọ sókè láti gbá a létí kó tó ní, Mọ́mì, oògùn yẹn ń jẹ́ kí n máa sùn ní kíláàsì, tíṣà á ní kí n kúnlẹ̀, Olóorun ni gbogbo wọn ń pè mí. Látọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí, èmi alára ò bi í.

Nígbà tá a padà lọ, dókítà ní kí n bọ́ síta, òun àti ọmọ nìkan ló jọ sọ̀rọ̀. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ sí irú èyí tó máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú, èyí tó pọ̀ jù di ti alẹ́, oorun kíláàsì yẹn sì lọ. Inú bọ́ọ̀sì ló ti sọ fún mi pé òun bi dókítà bóyá òun á lè fẹ́yàwó. Ẹ gbọ́ nǹkan tọ́mọ ń rò tí èmi ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù!

Ó ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí. Kì í ti ilẹ̀kùn bálùwẹ̀, kì í nìkan fa omi ní kànga, kì í nìkan dáná, tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ń ṣe àṣemọ́jú ilé ló ń sùn, torí àìsùn tètè máa ń gbé e dìde. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan la kọ́ ní ohun tó máa ṣe tó bá gbé e: yí i kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí ẹ̀, má dì í mú, wo aago, tó bá ti ju mínítì 5 lọ ó di ọsibítù nìyẹn. Kí wọ́n má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu o, tíṣà kan ló fi ìyẹn ká eyín kan lẹ́nu ọmọ mi.

Ti Epilim yẹn, ẹ bi dókítà yín dáadáa torí obìnrin ni, oògùn inú ẹ̀ lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá tó bá lóyún lọ́la, oògùn míì sì wà. Àmọ́ ẹ má fọwọ́ ara yín dá a dúró o, tó bá ṣàdédé dúró ó lè máa gbé e léraléra láìdáwọ́ dúró. Ẹ jẹ́ kó padà sí kóyà, ẹ kàn sọ fún ẹnì kan níbẹ̀.

Tèmi ń ṣe WAEC lọ́dún yìí. Mo ṣì máa ń dìde lóru lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀ kí n gbọ́ bó ṣe ń mí. Kò mọ̀.