Orin Tí O Mọ Nọ́ńbà Rẹ̀

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ẹni ọdún 38 ni mí. Inú ìjọ kan tó le koko ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. A kì í wo sinimá, a kì í gbọ́ orin ayé, tẹlifíṣọ̀n kò sí nílé wa. Ó ti di ọdún méjì tí mo ti kúrò níbẹ̀. Àwa mẹ́sàn-án tí a ti jáde máa ń pàdé lórí fídíò lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a sì máa ń ṣe eré ìbéèrè lórí fíìmù àti orin. Wọ́n á fi ìbẹ̀rẹ̀ orin kan sí i fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ ló ni máàkì. Òdo ni mo máa ń gbà. Wọ́n sọ mí ní 'Ọmọ Inú Àpótí'. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í há ìdáhùn sórí lóru, mo sì ń parọ́ pé mo ti wo fíìmù tí n kò rí rí. Àṣírí tú. Mo ní mo ti wo fíìmù kan lẹ́ẹ̀méje, ẹnì kan bi mí bó ṣe parí, n kò mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ń darí eré fi orin ìjọ wa àtijọ́ sí i láti fi pa wá lẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Mo dárúkọ orin, mo pe nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé, mo tún ka ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo bú sẹ́kún, mo sì pa kámẹ́rà mi. (Orin yẹn ni màmá mi máa ń kọ bí wọ́n bá ń lọ aṣọ ìpàdé wa. Wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.) Ṣé kí n kúrò nínú eré yìí ni? Ṣé kì í ṣe pé a ń fi Ọlọ́run ṣẹ̀sín? Báwo ni mo ṣe lè tètè mọ ohun tí àwọn yòókù mọ̀? Èmi ni Ọmọ Inú Àpótí."

Ọmọ mi, n kò ní fi orúkọ yẹn pè ọ́. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìbéèrè mẹ́ta lo bi mí, orí eré ni gbogbo wọn dá lé. Ohun tó ń dùn ọ́ gan-an, inú àkámọ́ lo fi pa mọ́ sí. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbá ọ̀rọ̀ irọ́ kúrò nílẹ̀, torí òun ló rọrùn jù. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tìrẹ ò tíì dé ìsọdá títì tí òtítọ́ fi dì í mú léjìká, dúpẹ́. Bí ẹ bá tún pàdé, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, sọ fún wọn pé: "N kò wo fíìmù yẹn rí. Mélòó kan tí mo dárúkọ ṣáájú rẹ̀, n kò wò wọ́n. Ojú ló ń tì mí." Ó tán. Má ṣàlàyé, má sunkún, má jẹ́ kí ó di ìjẹ́wọ́ bíi ti iwájú àwọn alàgbà. Ó máa yà mí lẹ́nu bí kò bá sí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́jọ yẹn tí kò tíì pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìwọ kọ́ lo máa kọ́kọ́ fara pamọ́ nítorí orin. Sam Cooke, akọrin ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọmọ oníwàásù, ti lókìkí nínú orin ìyìn pẹ̀lú ẹgbẹ́ Soul Stirrers nígbà tó fẹ́ dán orin ìfẹ́ wò. Orúkọ Dale Cook ló fi gbé àwo náà jáde, kí inú má baà bí àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ orin ìjọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi orúkọ bo irú ohùn yẹn mọ́lẹ̀? Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló mọ ẹni tó ń kọrin. Ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1957, ó sì ń kọ orin tó wù ú lórúkọ ara rẹ̀. Tọ́jú ìtàn yìí o, ìbéèrè tó dára ló máa jẹ́.

O ní báwo lo ṣe lè tètè mọ ohun tí wọ́n mọ̀. O kò lè tètè mọ̀ ọ́n, kò sì yẹ kí o máa fi oorun rẹ wá a. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí ẹ̀dá ti rí i tipẹ́ pé bí ènìyàn bá ti dàgbà, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i láàárín ọmọ ọdún 10 sí 30 ló máa ń pọ̀ jù nínú ohun tó ń rántí, orin ìgbà náà kì í sì í kúrò létí bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dárúkọ orin ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kò gbọ́n jù ọ́ lọ, ó kàn jẹ́ pé orin náà ti wà létí rẹ̀ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún 15. O lè ní ṣebí inú ìjọ kan náà ni gbogbo yín ti jáde. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn. Wàá rí i pé àwọn kan ti di géńdé kí wọ́n tó wọ ibẹ̀, àwọn kan tètè jáde, àwọn kan sì ń gbọ́ rédíò lábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí àwọn òbí wọn bá ti sùn. Ìwọ gbọ́ràn sí àwọn òbí rẹ lẹ́nu. Ohun tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ní ọmọ inú àpótí kò ju ìyẹn lọ. Sọ fún wọn pé orúkọ náà kò dùn mọ́ ọ, kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ yóò jáwọ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nínú eré yín ni pé ẹ ti sọ ọ́ di ìdánwò ìrìbọmi. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì kan ní Montreal ní Kánádà, Chris Haney àti Scott Abbott, ni wọ́n ronú kan Trivial Pursuit ní 1979, eré tí ọ̀pọ̀ eniyan ń rántí bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ìbéèrè àti ìdáhùn. Orúkọ rẹ̀ gan-an kò ju lílépa ohun tí kò tó nǹkan lọ. Bí ẹni tó fún eré lórúkọ bá ti pè é bẹ́ẹ̀, kí ló wá gbé ìwọ dé ibi tí o ti ń há ìdáhùn sórí láago méjì òru? O ti kúrò níbi tí wọ́n ti ń fi ìbéèrè wọn ènìyàn wò bóyá ó yẹ láti jókòó pẹ̀lú wọn. Ẹ wá tún kọ́ ìjọ kékeré kan sórí fídíò, pẹ̀lú àga iwájú àti àga ẹ̀yìn. (N kò bá yín jà o. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín rí sí àwàdà tí kò yé mi, torí pé gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín.)

Nítorí náà, má kúrò. Bẹ ẹni tó ń darí pé kí ẹ máa ṣe é ní méjì-méjì, kí ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ jọ wà. Kí ẹni tó bá mọ orin kan sọ ibi tó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ kó tó gba máàkì. Wàá rí i pé ìtàn yẹn máa ń dùn ju máàkì lọ. Kí wọ́n sì jẹ́ kí ìwọ náà mú ìbéèrè wá lọ́sẹ̀ kan. Mo ní kan fún ọ. Elvis Presley, akọrin ará Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ oníwàásù bú láti orí àga ìwàásù nítorí bó ṣe ń jó, gba ẹ̀bùn Grammy mẹ́ta pẹ̀lú orin tó kọ. Irú orin wo ni? Wọ́n á máa dárúkọ orin ijó. Orin ẹ̀sìn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkọ́kọ́ wọn wá láti inú àwo orin ìyìn tó gbé jáde ní 1967. Lórí irú orin bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ẹ̀yin mẹ́sàn-án, ta ló mọ̀ tó ìwọ?

Dípò kí o máa ka ìtàn fíìmù ọgọ́rùn-ún láti há a sórí, wo ẹyọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí o bá ní kí n yàn fún ọ, The Jazz Singer ni mo máa yàn, tó jáde ní 1927. Àwòrán tí kò sọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àmọ́ òun ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn ti gbọ́ òṣèré tó ń kọrin, tó sì tún ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Àbùkù kan wà níbẹ̀ tí n kò ní fi pa mọ́ fún ọ: Al Jolson, olórí òṣèré rẹ̀ tó jẹ́ aláwọ̀ funfun, kun ojú rẹ̀ láti fara wé adúláwọ̀. Bí ó bá bí ọ nínú, ó bí èmi náà. Ṣùgbọ́n gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ọmọ akọrin sínágọ́gù kan, ilé ìjọsìn àwọn Júù, fẹ́ràn orin jáàsì. Bàbá rẹ̀ nà án, ọmọ sá nílé. Nígbà tó dàgbà tó padà wá, bàbá tún lé e. Lálẹ́ Ọjọ́ Ètùtù, ọjọ́ mímọ́ àwọn Júù, nígbà tí bàbá ń kú lọ, ọmọ pa eré rẹ̀ tì, ó lọ kọ orin àdúrà ní ipò bàbá, bàbá sì gbọ́ ọ lórí ibùsùn. Lẹ́yìn náà ó padà sórí ìtàgé, ó ń kọrin ayé rẹ̀, màmá rẹ̀ sì jókòó síwájú, ó ń wò ó. Nígbà tí fíìmù kọ́kọ́ la ẹnu, ọ̀rọ̀ irú ẹ̀yin yìí ló sọ.

Ṣé ẹ ń fi Ọlọ́run ṣẹ̀sín? N kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí nǹkan ti pa lára rí lè fi ohun náà rẹ́rìn-ín. Bí ọkàn rẹ bá ń jẹ́ ọ lẹ́bi, dákẹ́ bó bá kan orin yẹn, kò sí ẹni tó máa fìyà jẹ ọ́.

Ó ku ohun tó wà nínú àkámọ́.

Kì í ṣe nítorí òdo lo ṣe sunkún, ọmọ mi, kì í sì í ṣe nítorí wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ gba máàkì láìparọ́, ohùn màmá rẹ lo fi gbà á. Lójú àwọn yòókù, orin ìjọ ni. Létí rẹ, áyọ́ọ̀nù ń rìn lórí aṣọ, ìyá kan sì ń kọrin. Pe ẹni tó ń darí eré náà lọ́tọ̀, kí o sọ èyí fún un bí o ṣe sọ ọ́ fún mi. Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu bí òun náà bá ní ìyá tí kì í bá a sọ̀rọ̀. Mo máa ń fura sí ẹni tó bá ń fi orin ìjọ àtijọ́ ṣe àwàdà. Ó lè jẹ́ pé kò rí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà tún un gbọ́.

Ní ti màmá rẹ, kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú sí wọn. Má dárúkọ ìjọ, má dá ara rẹ láre, má sọ pé kí wọ́n dáhùn, má sì bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Nǹkan báyìí: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Mo gbọ́ orin tí ẹ máa ń kọ bí ẹ bá ń lọ aṣọ. Mo ṣì mọ gbogbo ẹsẹ rẹ̀." Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má dáhùn. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé kò ní yí padà nítorí ìlà mẹ́ta, n kò sì ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n á kà á. Bí ọwọ́ rẹ bá ń gbọ̀n tí o kò lè tẹ̀ ẹ́ lọ, fi ránṣẹ́ sí mi ṣáájú, kí n bá ọ kà á wò.