"Dámelo" lẹ̀ pọ̀, kí ló dé tí "no me lo des" tú ká?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Èdè Sípéìn tí mò ń kọ́ ti dé ibi tó lójú pọ̀. "Dámelo" ni "gbé e fún mi", ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí mo bá wá fẹ́ sọ pé "má gbé e fún mi", ó di "no me lo des", gbogbo rẹ̀ tú ká. Kí ló fà á? Àmì tó wà lórí "á" yẹn ńkọ́, ṣé dandan ni?

ÌDÁHÙN: Yorùbá ló ń bá yín jà. Tiwa, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ni arọ́pò-orúkọ (ọ̀rọ̀ kékeré tó dúró fún ẹni tàbí nǹkan) ń wà: "rà á", "má rà á", kò yẹsẹ̀. Nínú "dámelo", "me" ni "mi", "lo" ni "e". Ní ti Sípéìn, ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ti gbé olùṣe àti àsìkò sára, iwájú rẹ̀ ni arọ́pò-orúkọ ń dúró sí: "lo compro" (mò ń rà á), "lo he comprado" (mo ti rà á). Ibi mẹ́ta ló ti ń lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀: "comprarlo", tí ọ̀rọ̀-ìṣe kò tíì yí padà; "comprándolo", tó ní -ndo; àti àṣẹ pé kí a ṣe nǹkan, "cómpralo". Àṣẹ pé kí a má ṣe é kò sí lára wọn.

Bí "comprar" bá tẹ̀lé irú ọ̀rọ̀-ìṣe bíi "quiero" (mo fẹ́), ẹ yan èyí tó wù yín: "quiero comprarlo" tàbí "lo quiero comprar". Ẹ ṣáà má sọ pé "quiero lo comprar".

Dandan ni àmì o! Ibi tí ohùn ti wúwo nínú ọ̀rọ̀-ìṣe kì í sún. "Da" ló wúwo. "Me" àti "lo" tì í di sílébù kẹta láti ẹ̀yìn, irú sílébù bẹ́ẹ̀ tó bá wúwo sì gbọ́dọ̀ gba àmì. "Dame" lásán kò gbà á. "Comprarlo" náà kò gbà á, ṣùgbọ́n "comprármelo" gbà á. Bí ẹ bá rí "déme" (ẹ fún mi) nínú ìwé àtijọ́, ẹ má dàamú: láti 1999 ni Real Academia Española, àjọ tó ń ṣe òfin èdè Sípéìn, ti sọ ọ́ di "deme".

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti máa ń kérora gan-an, ẹ kò tíì débẹ̀. Ẹni tí a fún ló ń ṣáájú ohun tí a fún un, ṣùgbọ́n "le" (fún un) kì í bá "lo" gbé. Ó máa ń di "se": "dáselo", gbé e fún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni "sentemos" tó bá pàdé "nos" (wa), "s" ìparí rẹ̀ á pòórá: "sentémonos", ẹ jẹ́ ká jókòó.