Ṣé scan lè ba ẹyin obìnrin jẹ́?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 34 ni mí, a ń wá ọmọ. Mò ń gba abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin dàgbà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sì ti gba ojú ara ṣe scan fún mi láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀rẹ́ mi ní ìtànṣán rẹ̀ ń jó ẹyin. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kí n má lọ mọ́?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ. Irú scan tí wọ́n ń ṣe fún yín yìí, tí wọ́n ń pè ní ultrasound, kò ní ìtànṣán rárá, ìró ni. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró tó bá ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti scan yín yìí ń gbọ̀n ní bíi mílíọ̀nù márùn-ún sí mẹ́sàn-án. Ẹ̀rọ á rán an wọlé, á kan ẹran ara, á padà wá bíi gbohùngbohùn, kọ̀ǹpútà á sì fi èyí tó padà ya àwòrán.

Ó jọ pé X-ray ni ọ̀rẹ́ yín gbọ́ nípa rẹ̀. X-ray àti CT scan, tó ń fi X-ray ya inú ara, ní ìtànṣán tó lè ba àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bi obìnrin bóyá ó lóyún kí wọ́n tó ṣe é. Ìtànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ní abẹ́ ìkùn lè pa ẹyin lóòótọ́. Scan tiyín kò sí nínú ẹbí yẹn.

Mi ò ní sọ pé ìró ò ṣe nǹkan kan. Ó lè mú ara lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá á gbé ooru náà lọ, ẹ̀rọ pàápàá sì ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sójú àwòrán kí ẹni tó ń lò ó lè ṣọ́ ọ. Nítorí náà la kì í fi scan ṣeré, a kì í sì í pẹ́ lórí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ rò ó wò: láti bí ogójì ọdún ni àwọn tó ń ṣe IVF, ìyẹn síso ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara, ti ń fi scan darí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa ẹyin jáde. Ẹyin tí wọ́n ti fi scan wò léraléra ni wọ́n ń fà yẹn, òun náà ló ń di ọmọ.

Àìlọ gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Abẹ́rẹ́ tí ẹ ń gbà yẹn lè mú kí àpò ẹyin, ìyẹn àpò omi kéékèèké tí ẹyin ń dàgbà nínú rẹ̀, pọ̀ jù, kí omi kún ikùn, kí èémí máa há. Scan ló ń jẹ́ ká tètè rí i, ká dín oògùn kù. Òun náà ló ń sọ ìgbà tí àpò ẹyin bá sún mọ́ mìlímítà 18 sí 20, tó ti tó àkókò. Tí kò bá rọrùn fún yín nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, ẹ sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n rọra.