Owó ìwádìí tó wọ Ìbàdàn, àti ohun tójú mi rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bóyá kẹ́ ẹ gba owó àjọ aládàáni fún ìwádìí yín n'Ìbàdàn, tẹ́ ẹ ní ẹnìkan sọ fún yín pé irú owó bẹ́ẹ̀ kì í so èso, ẹ jẹ́ n dá yín lóhùn. Mo ti fi irú owó náà ṣiṣẹ́, mo sì ti sunkún lórí ẹ̀.

Ó so èso o. Owó àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà ni Wọlé Ṣóyínká fi padà wálé lọ́dún 1960 láti wá ṣèwádìí eré orí ìtàgé. Àjọ yìí kan náà ló náwó sí ilé ìwádìí fáírọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Lọ́dún 1964, wọ́n ṣa eégbọn lára màlúù ọjà Dùgbẹ̀, wọ́n sì bá fáírọ́ọ̀sì kan tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ rí nínú ẹ̀. Dugbe ni wọ́n sọ ọ́. Ní 1968, wọ́n tún rí òmíràn lára asín, fáírọ́ọ̀sì tó jẹ́ ìbátan èyí tó ń fa dìgbòlugi. Mokola lorúkọ tiẹ̀. Orúkọ àdúgbò wa wà nínú ìwé onímọ̀ dìgbòlugi káàkiri ayé títí dòní, orí mi sì máa ń wú tí mo bá rí i.

Tèmi wá ńkọ́? Ọdún mẹ́rin ni àjọ kan fi sanwó iṣẹ́ wa. Fírísà méjì kún fún ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ tá a gbà láti abúlé dé abúlé, nínú òjò, nínú oòrùn. Owó dópin. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, iná lọ fọ́jọ́ mẹ́fà, kò sí kọ́bọ̀ tá a máa fi ra dísẹ́ẹ̀lì sí jẹnẹrétọ̀. Nígbà tá a ṣí fírísà, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa. Mo padà lọ ka ìwé tá a fi tọrọ owó náà: a kọ owó mọ́tò, a kọ owó kẹ́míkà, a ò kọ ẹni tí yóò máa gbé iná dúró lẹ́yìn ọdún kẹrin. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ìwé ọ̀hún.

Ẹ wá wo IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ n'Ìbàdàn. Àjọ Ford àti àjọ Rockefeller ló dá a sílẹ̀ ní 1967, ìjọba Nàìjíríà fún wọn nílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1971, ó ti wọ abẹ́ CGIAR, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, níbi tí oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti ń dáwó jọ. Lójú tèmi, ìyẹn ló gbà á, nítorí kò gbójú lé àpò ẹnìkan mọ́.

Nítorí náà, ẹ gba owó náà. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ilé ẹ̀kọ́ yín kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn yóò máa san owó iná tó bá di ọdún karùn-ún. Ẹ pín ohun tẹ́ ẹ bá kó jọ sí méjì, kẹ́ ẹ gbé ìdajì fún ilé ìwádìí mìíràn láti ọdún kìíní. Ẹ má dúró de ọdún kẹrin.