Ṣé Kí N San Owó Tí Gbájúẹ̀ Fi Orúkọ Mi Gbà?

Arábìnrin wa tí ó kọ̀wé láti ìlú Ìbàdàn,

Ẹ sọ nínú lẹ́tà yín pé ọkùnrin kan pè yín, tí ó ní òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tí ẹ jọ jáde ilé-ìwé girama, pé òun fẹ́ fi yín sínú ìpàdé orí fóònù, àti pé kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà tí ó wọlé nínú àtẹ̀jíṣẹ́ fún òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, WhatsApp yín ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ti ń fi orúkọ yín tọrọ owó, ẹ̀gbọ́n ọkọ yín obìnrin sì ti fi 150,000 náírà ránṣẹ́. Wọ́n ní kí ẹ san án padà, ẹ sì ń bèèrè bóyá kí ẹ fi owó àjọ yín san án kí ọkọ yín tó gbọ́.

Ẹ má fọwọ́ kan owó àjọ náà, kí ẹ sì sọ fún ọkọ yín lónìí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bò mọ́lẹ̀ yìí gan-an ni gbájúẹ̀ náà gbójú lé, nítorí pé bí àwọn ẹbí àti oníbàárà yín kò bá gbọ́, yóò máa tọrọ lọ ni. Ẹ pè wọ́n, kí ọkọ yín sì kọ ọ́ sínú gúrúùpù ẹbí.

Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni WhatsApp fi ń dá ẹni tí ó ni fóònù mọ̀. Ẹ tún fi nọ́ńbà fóònù yín forúkọ sílẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà mìíràn yóò wọlé, bí ẹ bá sì ti tẹ̀ ẹ́, gbájúẹ̀ náà yóò bọ́ síta. Ó ṣeé ṣe kí ó ti fi PIN tirẹ̀ dínà, kí ẹ sì ní láti dúró fún ọjọ́ 7, ṣùgbọ́n òun náà kò ní lè lò ó mọ́. Bí ẹ bá wọlé tán, ẹ fi PIN tiyín sí i níbi tí wọ́n kọ “Two-step verification” sí.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, owó tí kò dé ọwọ́ yín kì í ṣe gbèsè yín. Síbẹ̀, nítorí yín ni wọ́n ṣe fi owó sílẹ̀, nítorí náà ẹ lọ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ sì bá wọn lọ sí báǹkì wọn kíákíá, pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì tí owó náà wọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ sọ nínú lẹ́tà yín pé orúkọ ẹlòmíràn ni ó yọ lórí àkáǹtì náà kí wọ́n tó fi owó ránṣẹ́. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí wọ́n ti pè yín nígbà náà, àmọ́ ẹnu ìyàwó ilé kọ́ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Ẹ jẹ́ kí àbúrò wọn sọ ọ́ fún wọn. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá wá fẹ́ fún wọn ní nǹkan, ẹ fún wọn gẹ́gẹ́ bí ìbánikẹ́dùn, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀ bí gbèsè.