Dúró kí oníbàárà kan náà sanwó fún ọ lẹ́ẹ̀kejì

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ kí n tó jókòó dá ọ lóhùn. O ní ó di ọdún mẹ́rin tí o ti ń kọ́ni ní yunifásítì, ó ku orí méjì kí o parí ìwé PhD rẹ, o sì ń bá àwọn ènìyàn kọ sọ́fítíwíà lálẹ́. Oníléeṣẹ́ kan ní Ṣàgámù sanwó fún ọ lóṣù tó kọjá, owó náà ju owó oṣù rẹ méjì lọ, ó wá ń ṣe ọ́ bíi kí o kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kí o máa ṣe kọ́ńsọ́tántì fúnra rẹ. O ní kí àwa ẹ̀gbọ́n tí a ti gba ọ̀nà náà kọjá bá ọ dá sí i.

Èmi gbà á kọjá. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Statistics, ní Abẹ́òkúta níbí, Abẹ́òkúta náà ni mo ti ń fi sọ́fítíwíà jẹun báyìí. Ohun tí mo ní í sọ ni pé má tíì kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ yẹn. Owó àkọ́kọ́ tí ènìyàn san fún ọ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé ó káàánú rẹ ni. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn já a kulẹ̀, ìwọ lo sì wà nítòsí. Ṣùgbọ́n bí ẹni kan bá ti lo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, tó ti rí gbogbo ibi tó kù díẹ̀ káàtó, tó tún wá pè ọ́, tó sì tún sanwó, ìgbà yẹn ni o tó mọ̀ pé o ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Mi ò mọ èyí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì ló tì mí débẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022 ni àwa olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ èyí tó gba oṣù mẹ́jọ gbáko. Owó oṣù dúró. Ọmọ méjì wà nílé ìwé, ọkọ mi nìkan ló ń mú owó wọlé. Ohun tí mo ní kò ju láàpútọ́ọ̀pù kan lọ, pẹ̀lú R àti Python, àwọn èdè tí a fi ń kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà, tí mo fi ń ṣe ìṣirò òjò fún ìwé PhD mi. Mo ní lọ́kàn ara mi pé kóòdù náà ni kóòdù ń jẹ́.

Kóòdù ìwádìí, ìgbà tí o bá ti rí tábìlì tí o fẹ́ fi sínú ìwé, iṣẹ́ ti parí. Bó bá dákú lójú ọ̀nà, ìwọ tí o kọ ọ́ náà lo jókòó tì í, o mọ ibi tí wàá ti jí i. Kóòdù oníbàárà yàtọ̀ pátápátá. Ọmọbìnrin kan ló máa ṣí i láago méje àárọ̀. Yóò tẹ nọ́ńbà fóònù sí ibi tó yẹ kó tẹ iye owó sí. Iná yóò lọ kó tó parí. Ìwọ yóò sì wà nínú ọkọ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́, ọwọ́ rẹ kò ní tó o.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan lápá Kútọ̀ ni oníbàárà mi àkọ́kọ́. Wọ́n tó igba ènìyàn, ìyá ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú wọn. Mo kọ ètò kan fún wọn tó ń gba owó àjẹṣẹ́kù sílẹ̀, tó ń ṣírò owó tí wọ́n yá àti èlé rẹ̀, tó sì ń tẹ orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè jáde lóparí oṣù. Wọn a lẹ orúkọ náà mọ́ ògiri ilé ìpàdé. Bàbá akápò wọn, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, kò jáwọ́ nínú fífi bírò kọ tirẹ̀ sínú ìwé ńlá kan. Mo sọ fún bàbá pé wàhálà yẹn ti tán. Wọ́n dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, olùkọ́," wọ́n sì ń kọ ọ́ lọ.

Ní oṣù kẹta tí wọ́n ti ń lo ètò náà, fóònù mi dún láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Bàbá akápò ni. "Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ni mo bá tó dúró níwájú ògiri. Orúkọ wọn ló ṣe ìkọkànlá nínú àwọn ajigbèsè. Wọ́n ti san gbèsè wọn tán ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n mú rìsíìtì jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa á mọ́lẹ̀ títí ó fi gún régé. Wọ́n wá wò mí. "Ọmọ mi, ìwé rẹ ní mo jẹ gbèsè. Èló ni mo jẹ?" Mo wo ògiri. Ohun tí a tẹ̀ síwájú orúkọ wọn ni ₦0.00.

Ẹnu mi wúwo, mi ò rí èsì fọ̀. Àwọn ará ọjà ti ka ìwé yẹn láti ọjọ́ Jímọ̀.

Àṣìṣe tí mo ṣe nìyí, kí ìwọ má baà ṣe é. Mo fi nọ́ńbà onídésímà tí kọ̀ǹpútà ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní float, tọ́jú owó. Nínú iṣẹ́ òjò, kò sí ewu nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà méjì péré, òdo àti ení, ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ gbogbo nọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi wọ́n kọ 0.1 kó gé geere, bí àwa náà kò ṣe lè kọ ìdá kan nínú mẹ́ta ní désímà tán: 0.333, a óò máa kọ ọ́ lọ ni. Lọ tẹ 0.1 + 0.2 sínú Python. Ohun tí wàá rí ni 0.30000000000000004. Lẹ́yìn tí ètò mi ti yọ owó tí ìyá yẹn san lẹ́ẹ̀méjìlá kúrò lára gbèsè wọn, bíńtín kan tí kò tó kọ́bọ̀ rárá ṣẹ́ kù. Mo sì ti kọ ọ́ sínú ètò pé ẹni tí gbèsè rẹ̀ bá ju òdo lọ, kó tẹ orúkọ rẹ̀ síta.

Mo kúnlẹ̀ fún ìyá náà lójú gbogbo wọn. Mo kọ ìwé sí ara ògiri yẹn kan náà, ní Yorùbá, pé èmi ni mo ṣàṣìṣe, pé ìyá kò jẹ ẹnikẹ́ni, mo sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà mo yí gbogbo owó padà sí kọ́bọ̀, nọ́ńbà odidi, kó má sí désímà níbì kankan: ₦8,333.33 di 833,333. Kọ́bọ̀ tó bá ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n bá ń pín èrè, àwọn fúnra wọn dìbò pé kó máa lọ sínú àpò ẹgbẹ́. Kí n tó tún tẹ ohunkóhun jáde, mo yá ìwé ńlá bàbá akápò, mo sì fi gbogbo rìsíìtì oṣù mẹ́ta gba inú ètò náà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ìdáhùn rẹ̀ wé ohun tí bàbá fi bírò kọ. Ìwé tí mo rò pé mo wá gba ipò rẹ̀, òun ni mo fi yẹ iṣẹ́ mi wò. Mi ò gba kọ́bọ̀ kan fún gbogbo ìyẹn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni bàbá wá sí ilé mi. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ máa rí àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù nígbà tí owó wọn bá ti wọlé. Àpò ìwé tí owó àsansílẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì kí wọ́n tó jókòó. Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ohun tí mo ń sọ fún ọ.

Má rò pé ohun tí o kọ́ ní yunifásítì máa ṣòfò o. Ìbéèrè ni ẹrù tó níye lórí jù tí a ń gbé bọ̀ láti ọ̀hún: a ti kọ́ wa láti má gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìwo ẹ̀rí rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ta oúnjẹ adìẹ ní Láfẹ́nwá ní kí n kọ app tí àwọn oníbàárà òun á máa fi ra ọjà, nítorí pé ọjà òun kì í bá ìwé mu. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ kan ná. Àwọn olóko adìẹ ń fi fóònù pè é, ọjà ń lọ, kò sí ìṣòro níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di ọ̀sán, ọmọ tó ń bá a tajà ti já àpò oníkílò 25 mẹ́ta, ó ń wọ̀n ọ́n ní kóńgò fún àwọn tó ń sin adìẹ díẹ̀díẹ̀ nílé, kò sì kọ ọ̀kankan sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọjà ti ń bọ́ sọnù. Òṣùwọ̀n kan tí a gbé kọ́ àti ojú ìwé kan nínú Excel ló yanjú rẹ̀. Mo gba owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì, mo sì sọ fún un pé kó má ná owó rẹ̀ sórí app. Ọkùnrin yẹn ti rán oníbàárà mẹ́rin sí mi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti yunifásítì wá ti ń ṣubú. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo fi ọjọ́ 22 pín owó oṣù mi, mo ní iye tí iṣẹ́ ọjọ́ kan máa jẹ́ nìyẹn. Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Nínú oṣù tó dára, ọjọ́ mọ́kànlá ni ẹnìkan ń sanwó fún. Ìyókù, mo ń wá iṣẹ́ ni, mo wà lójú ọ̀nà, mo ń kọ ìwé, tàbí ara mi kò yá. Tún wo owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ọdún 2014 ní kí wọ́n máa yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù rẹ, kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá 10 kún un. Ọjọ́ tí o bá jáde ni ìdá 10 yẹn dúró. Kó gbogbo rẹ̀ sínú iye tí o máa pè.

Má sì ṣe bẹ̀rẹ̀ láìgba àsansílẹ̀. Iléeṣẹ́ kan ní Èkó fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán gbéṣẹ́ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè níbí lọ sí Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́ta lórí iṣẹ́ náà. Mo parí rẹ̀, mo fi lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀gá tó pè mí ti lọ síbòmíràn, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní òun ò rí ìwé kankan lórí mi. Títí di òní, mi ò rí owó náà. Láti ìgbà yẹn, ìdajì owó ń wọlé kí n tó ṣí láàpútọ́ọ̀pù, a sì ń kọ ojú ìwé kan: ohun tó wà nínú iṣẹ́, ohun tí kò sí níbẹ̀, àti orúkọ ẹni tó máa sọ pé ó ti parí. Tí iléeṣẹ́ bá yọ owó orí lára owó rẹ kó tó san án, gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, torí ẹ̀tọ́ rẹ ni. Forúkọ iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Orúkọ àti fóònù oníbàárà tí o bá gbé sórí ẹ̀rọ rẹ sì ti ní òfin tó ń dáàbò bò ó báyìí láti ọdún 2023, má máa gbé e káàkiri.

Ní ti PhD, parí rẹ̀. Orí kan péré ló kù fún mi nígbà tí mo jáde, ọdún méjì ló gbà mí, òru ni mo fi ń kọ ọ́, ó dùn mí gan-an. Lóòótọ́, kò sí ìyá ọlọ́jà kan tó bi mí ní ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn àjọ ń gbé jáde sábà máa ń béèrè rẹ̀, owó wọn sì dára. Orí méjì kò tó nǹkan fún ẹni tó ṣì ní tábìlì ní yunifásítì àti alábòójútó tó ń gbé fóònù rẹ̀.

Nítorí náà, lọ sí Ṣàgámù ní ọjọ́ tí o kò bá ní kíláàsì. Má gbé ọjà kankan lọ. Béèrè ẹni tó ń tẹ ètò rẹ lójoojúmọ́ níbẹ̀, jókòó tì í títí di ọ̀sán, kí o sì wò ó bóyá ìwé kan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń fi bírò kọ nǹkan sí. Bó bá wà, bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí o ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Wá sọ ohun tí o bá níbẹ̀ fún mi, ká jọ wò ó.